Yíyan ẹ̀rọ ìkàwé fún ìwé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí máa ń béèrè lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ ìkàwé. A kò kọ iye owó sí i, nítorí pé iye owó ọjà tí ń ti òkè òkun wọlé kì í dúró lójú kan.

Kí ni ẹ̀rọ ìkàwé, kí sì ni ó fi yàtọ̀ sí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì?

Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ń lo íǹkì tí iná ń darí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ E Ink, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, ń ṣe. Inú ojú ẹ̀rọ náà kún fún kóro wíńníwínní tí íǹkì funfun àti dúdú wà nínú wọn. Bí iná bá ti kan wọ́n, èyí tí a fẹ́ kí ó hàn ni yóò léfòó wá sókè, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí láìjẹ iná mìíràn títí a ó fi ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ìdí nìyí tí bátìrì rẹ̀ fi ń pẹ́, tí a sì lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan láìfi ọwọ́ ṣíji bò ó.

Ohun tí ó fi ń jìyà èyí ni pé ó lọ́ra. Kò dára fún fídíò, kò sì dára fún ẹni tí ń ṣí ojú ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà láti wá gbólóhùn kan. Sony ni ó kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ ní Japan ní 2004, Kindle sì jáde ní 2007. Láti ìgbà náà, yíyá rẹ̀ ti sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n kò tíì bá ti fóònù dọ́gba.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kì í rẹ ojú?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń lò ó jẹ́rìí sí i pé àwọn lè pẹ́ nídìí rẹ̀ ju ìdí fóònù lọ, ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àyíká ni ó ń lò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ń ta síni lójú. Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn ojú. Lẹ́tà tí ó kéré jù àti títẹjúmọ́ nǹkan láìṣẹ́jú a máa rẹ ojú lórí ohunkóhun tí ènìyàn bá ń kà, ẹni tí ojú sì ń dùn léraléra, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ó lọ.

Ní ti oorun, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston, tí ó jáde ní ìparí 2014, fi hàn pé oorun pẹ́ kí ó tó gbé àwọn tí ó ka ìwé lórí iPad ní alẹ́ ju àwọn tí ó ka ìwé títẹ̀ lọ. Wọn kò fi ẹ̀rọ oní-íǹkì wéra nínú ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé òde òní ní iná kéékèèké ní etí ojú wọn, ẹni tí ó bá sì ń ka ìwé lórí ibùsùn yóò ṣe dáadáa bí ó bá dín iná náà kù.

Ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ wo ni ó tó fún ìwé ẹ̀kọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú ìwé tí ẹ ń kà jù. Orí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àbámọ̀ ti ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ EPUB ni ẹ ń kà, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè tún ara rẹ̀ tò bí ẹ bá ti sọ lẹ́tà di ńlá, ojú ẹ̀rọ oní-íǹṣì 6 tàbí 7 tó. Bí ó bá jẹ́ PDF tí wọ́n ṣe fún bébà A4, gẹ́gẹ́ bí handout, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà àti iṣẹ́ àṣekágbá ti sábà máa ń rí, ìṣirò ni a ó fi yanjú rẹ̀.

Bébà A4 jẹ́ mílímítà 210 ní ìbú àti 297 ní gígùn, ìyẹn íǹṣì 14.3 láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́. Ẹ̀rọ oní-íǹṣì 10.3, tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ti A5 (ìdajì A4), yóò fún gbogbo ojú ìwé náà pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá 70 nínú 100, lẹ́tà oníwọ̀n 12 yóò sì rí bí oníwọ̀n 8. Lórí íǹṣì 7, lẹ́tà yẹn kò ní tó oníwọ̀n 6. Lórí íǹṣì 6, ó di oníwọ̀n 5, bí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìwé inú páálí oògùn. Ẹni tí ó bá wá ń mú un tóbi yóò máa fi ìka wọ́ ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ yóò sì máa ṣẹ́jú pàkòpàkò títí ọgbọ́n ìwé náà yóò fi fò lọ.

Àṣírí kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ: etí funfun. A4 tí wọ́n fi mílímítà 25 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní ju mílímítà 160 ọ̀rọ̀ lọ ní ìbú, ojú ẹ̀rọ oní-íǹṣì 10.3 sì fẹ̀ tó 157. Bí ẹ bá gé etí náà kúrò, tí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kún ìbú ẹ̀rọ, lẹ́tà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ó ti rí lórí bébà. Ẹ̀rọ oní-íǹṣì 7 pàápàá, bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gé etí ìwé, yóò fi ìdajì ojú ìwé hàn ní lẹ́tà tí ó ṣeé kà. Boox àti PocketBook ní ọ̀nà tí a fi ń gé e, ẹni tí ó ní Kobo sì lè fi KOReader, ètò ìkàwé tí wọn kì í gba owó lé lórí, sínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí PDF bá pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, íǹṣì 10.3 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Íǹṣì 13.3 wà fún ẹni tí ń ka jọ́nà, àwòrán ilẹ̀ tàbí ìwé orin lójoojúmọ́, tí àpò rẹ̀ sì gbà á.

Kí ló dé tí PDF fi ń yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ìwé tí a ó tẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí Adobe gbé e jáde ní 1993, ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ojú ìwé rí bákan náà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo àti lórí bébà, ìdúróṣinṣin náà sì ni ó ń dí ojú ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n pín sí òpó méjì ni ó burú jù. Ó láǹfààní tirẹ̀ ṣá o: àwòrán, tábìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé a máa dúró sí ààyè wọn.

Àwọn handout tí wọ́n fi fóònù yà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ńkọ́? Ṣé ó ṣeé kà?

Ó ṣeé kà bí ẹni tí ó yà á bá ṣe jẹ́jẹ́. Àwòrán lásán ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, nítorí náà a kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, a kò lè yí lẹ́tà rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè tẹ ọ̀rọ̀ kí ìwé atúmọ̀ èdè ṣí. Òjìji ọwọ́ tí ó bọ́ sórí bébà yóò di àbàwọ́n eérú lórí ẹ̀rọ oní-íǹkì, nítorí pé dúdú, funfun àti eérú díẹ̀ ni ó mọ̀. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ sì yan dúdú-àti-funfun nínú áàpù tí ẹ fi ń yà á kí ẹ tó fi pamọ́.

Ètò kan wà tí ó ń jẹ́ k2pdfopt, ọ̀fẹ́ ni, tí ó máa ń gé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí yóò sì tún un tò fún ojú ẹ̀rọ kékeré. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ tí ó tò gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó máa ń da tábìlì rú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú àwòrán di ọ̀rọ̀ gidi, ètò tí ń mọ lẹ́tà inú àwòrán wà, àmọ́ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ Yorùbá a máa ṣòro fún púpọ̀ nínú wọn, a sì gbọ́dọ̀ fi ojú ara wa yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Kindle, Kobo, PocketBook, Boox, reMarkable: èwo ni kí n rà?

Kindle ni ó rọrùn jù láti rí, àtúnṣe rẹ̀ sì kéré. Òun kì í ṣí EPUB fúnra rẹ̀: ẹ óò fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Send to Kindle, ètò Amazon tí ń fi fáìlì ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba EPUB ní 2022, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti yí i padà. Kindle Scribe, tí ó jáde ní ọdún kan náà pẹ̀lú ojú oní-íǹṣì 10.2, ni ó yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdílé náà. Àwọn kékeré dára fún ìwé ìtàn àti fún EPUB.

Kobo ń ṣí EPUB láìsí àtúnyí, a sì lè fi okùn gbé ìwé sínú rẹ̀. Elipsa 2E rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10.3, ó sì ní kálàmù. PocketBook náà ń ṣí oríṣiríṣi fáìlì. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tí kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan ti ìwé òun mọ́lé.

Android ni Boox ń lò, nítorí náà áàpù tí ẹ ń lò lórí fóònù lè wọ inú rẹ̀, ó sì ní oríṣi tí ó dé íǹṣì 13.3. Òun ni ó lágbára jù, òun náà ni ó nílò ìtọ́jú jù, bátìrì rẹ̀ sì ń tètè lọ ju ti àwọn yòókù. reMarkable, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Oslo ní Norway, jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ kí ó tó jẹ́ ẹ̀rọ ìkàwé: kò ní ọjà ìwé kankan, reMarkable 2 kò sì ní iná. Ẹni tí iná mànàmáná kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀ yóò nílò fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní alẹ́, mo sì rí i pé àwọn tí ń rà á kì í mọ èyí títí wọn yóò fi dé ilé.

Ṣé kí n ra èyí tí ó ní àwọ̀?

Kì í ṣe fún ìwé ìṣègùn. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Kaleido 3, tí Kobo Libra Colour ti 2024 ń lò, ń fi dúdú àti funfun hàn ní àmì wíńníwínní (pixel) 300 lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n 150 péré ni ti àwọ̀, aṣọ àwọ̀ tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀rọ náà sì ń jẹ́ kí ó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti aláìláwọ̀ lọ. Ó dára fún fífi àwọ̀ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àti fún àwòrán ìṣirò tí ó ní ìlà pupa àti ìlà búlúù. Ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan àti òpójẹ̀ nínú àwòrán ara ènìyàn, tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ó lò fún ìyẹn.

Ṣé kálàmù pọn dandan?

Fún ẹni tí ń fi ìwé kíkà kọ́ ẹ̀kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọn dandan. Ní 2009, Amazon ṣe Kindle DX oní-íǹṣì 9.7, àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Princeton wà lára wọn, sì gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti fi dán an wò. Ẹ̀sùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kàn án ni pé kíkọ nǹkan sí etí ìwé lórí rẹ̀ le, ó sì lọ́ra. Ẹ̀rọ náà kò ní kálàmù, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá kálàmù ń fẹ́ cháàjì. Ti reMarkable 2 àti ti Kindle Scribe kò fẹ́. Ti Kobo Elipsa 2E ń fẹ́. Kí ẹ sì béèrè bóyá a lè kọ̀wé tààrà sórí PDF, kí àkọsílẹ̀ náà sì bá fáìlì jáde.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni bátìrì yóò lò?

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí páálí sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tí ń ka ìwé fún ìdajì wákàtí lójúmọ́, tí ó sì ti pa Wi-Fi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kà á fún wákàtí márùn-ún pẹ̀lú iná àti kálàmù yóò máa cháàjì rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí náà tó ohun ayọ̀ níbi tí iná ti lè má dé fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé pawabáńkì kékeré yóò kún un.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ tòkunbọ̀?

Kí olùtajà tan án lójú yín, kí ó sì yọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín kúrò lórí àkáǹtì. Kindle tí ó ṣì wà lórí àkáǹtì ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n ti kéde pé wọ́n jí, lè kọ̀ láti gba orúkọ yín. Ẹ so ó mọ́ Wi-Fi fóònù yín níbẹ̀, kí ẹ sì fi àkáǹtì yín wọlé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣí ojú ìwé funfun kan àti òmíràn tí àwòrán dúdú kún inú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà kan dúró gbagidi láìkúrò. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í lọ. Lábẹ́ ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn, gíláàsì tín-ín-rín ni ó wà, bí ẹnì kan bá sì ti jókòó lé e nínú báàgì, ó ti tán. Kindle tí ó ń fi ìpolówó ọjà hàn nígbà tí ó bá ń sùn kò bàjẹ́. Irú tí wọ́n tà ní owó pọ́ọ́kú ni.

Ṣé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ Yorùbá yóò hàn dáadáa?

Ó wà lọ́wọ́ fọ́ǹtì. Lẹ́tà bíi «à» ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, «ẹ» náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n «ẹ́» àti «ọ̀» kò ní kóòdù ẹyọ kan. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń kọ, a ó sì wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ni ó gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé èkejì lé èkíní lórí. Níbi tí fọ́ǹtì kò bá ti mọ̀ ọ́n, àmì orí «ọ̀rọ̀» a ṣí kúrò lórí ọ, a lọ jókòó lé r, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo hàn dípò rẹ̀. Nínú PDF, fọ́ǹtì sábà máa ń wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, nítorí náà inú EPUB ni ìṣòro náà ti wọ́pọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ àmì Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kindle ti ń gba fọ́ǹtì tí ènìyàn bá fi sínú rẹ̀ láti 2018, Kobo náà ń gbà á: ẹ fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fọ́ǹtì náà sínú àpò tí a ń pè ní fonts, kí ẹ sì yàn án nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ fi ìlà kan bíi «Ẹ̀kọ́ ìṣirò ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ọmọ» ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì wo bí ó ti rí.

Mímọ́ ojú ẹ̀rọ náà ṣe kókó. Àwọn Kindle tí owó wọn kéré jù ṣáájú 2022 ní pixel 167 péré lórí íǹṣì kan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà, ṣùgbọ́n tí àmì ìsàlẹ̀ «ṣ» lè parẹ́ mọ́ ìlà lórí rẹ̀ bí lẹ́tà bá kéré. Fún ẹni tí ń ka Yorùbá, 300 ni kí ó wá.

Mo wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Yorùbá, ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó lójú mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó tẹ ìwé náà ti kọ «ẹ» gẹ́gẹ́ bí kóòdù kan, kí ẹ̀yin sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí «e» pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tí ó dá dúró. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹn wá a. Bí ìwé náà bá jẹ́ PDF àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì tí kì í ṣe ti Unicode, ohun tí ẹ dà kọ yóò jáde bí àmì tí kò nítumọ̀, kò sì sí wíwá kankan tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ṣé ó lè ka ìwé sókè fún mi?

Àwọn Kindle òde òní ní VoiceView, tí ń gba etí Bluetooth ka ìwé fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Kò ní ohùn Yorùbá, bí ẹ bá sì fún un ní ìwé Yorùbá, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ìlànà yìí kò ṣàdédé wá: ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà, National Federation of the Blind, pe Arizona State University lẹ́jọ́ nítorí pé Kindle DX tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ni kò ní ọ̀nà tí afọ́jú lè gbà rìn kiri inú rẹ̀. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìrọ̀rùn ní 2010.

Níbo ni mo ti lè rí ìwé ẹ̀kọ́ láìjalè?

OpenStax, iṣẹ́ Rice University ní Houston, ti ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì, ọrọ̀ ajé, bàyọ́lọ́jì àti ìṣirò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2012. National Open University of Nigeria ń gbé ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF, ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn náà sì ń jàǹfààní rẹ̀. Directory of Open Access Books wà fún ìwé ìwádìí, Project Gutenberg sì wà fún àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ oníwèé ti kúrò lórí wọn.

Ní ti àwọn ìwé tí ń yí kiri lórí Telegram, yàtọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ni, ojú ìwé máa ń fò nínú wọn, ẹ̀dà àtijọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Alẹ́ ọjọ́ ìdánwò kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn rí i pé orí keje kò sí.

London ni mò ń gbé. Ṣé mo lè yá ìwé láti ilé ìkàwé sórí rẹ̀?

Lórí Kobo, bẹ́ẹ̀ ni: OverDrive, ètò tí àwọn ilé ìkàwé fi ń yáni ní ìwé, wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà káàdì ilé ìkàwé yín ni yóò ṣí i bí ilé ìkàwé yín bá ń lò ó. Yíyá ìwé sórí Kindle nípasẹ̀ Libby, áàpù OverDrive, Amẹ́ríkà nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí máa ń ya àwọn tí ìbátan wọn rà á ránṣẹ́ láti Houston tàbí Atlanta lẹ́nu.

Ìwé tí mo ra lórí ẹ̀rọ yìí, ṣé tèmi ni?

Kì í ṣe bí ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ yín. Àyè láti kà á ni ẹ rà. Ní 2009, Amazon pa àwọn ìwé kan tí àwọn ènìyàn ti sanwó rẹ̀ rẹ́ láti inú Kindle wọn, nítorí pé ẹni tí ó gbé wọn síta kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, Jeff Bezos, tọrọ àforíjì. Ní 26 February 2025, wọ́n tún mú àyè tí a fi ń gba ìwé Kindle sórí kọ̀ǹpútà, kí a tó fi okùn gbé e sínú ẹ̀rọ, kúrò.

Bí ìwé kan bá jẹ́ òpó iṣẹ́ yín, tí ẹ óò máa padà sí i fún ọdún mẹ́wàá, mo rò pé ẹ ra títẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ wá ẹ̀dà tí wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Áàpù ilé-iṣẹ́ kan ni yunifásítì mi fi ń fún wa ní ìwé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ̀rọ ìkàwé yóò ṣí i?

Lórí Kindle, Kobo tàbí reMarkable, rárá. Ìwé tí ẹ bá gbà lórí VitalSource, fún àpẹẹrẹ, inú áàpù rẹ̀ ni ẹ óò ti kà á. Boox lè gba áàpù náà nítorí Android, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe áàpù bẹ́ẹ̀ fún ojú oní-íǹkì, yóò sì máa fa òjìji ojú ìwé àná lẹ́yìn. Kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín irú fáìlì tí wọn ó fún yín.

Ìwé ìṣirò àti kẹ́místírì ńkọ́?

PDF, lórí íǹṣì 10.3 sókè. Nínú ọ̀pọ̀ EPUB, àwòrán kékeré ni wọ́n fi ń ṣe fọ́múlà. Bí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá, fọ́múlà kò ní tẹ̀ lé e, àmì orí x yóò sì di ẹ̀gún ẹja.

Nígbà tí mo bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, ojú ìwé wo ni kí n tọ́ka sí?

Nínú PDF, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ojú ìwé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ kà, nítorí pé ẹ̀rọ ń ka èpo ìwé àti ojú ìwé ọ̀rọ̀ àkọ́sọ mọ́ ọn. Nínú EPUB àti Kindle, ọ̀rọ̀ ń ṣí kiri bí ìwọ̀n lẹ́tà bá yí padà, nítorí náà «location» tí Kindle ń kọ kò wúlò fún ẹni tí ó ní ìwé títẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìwé Kindle kan ní nọ́ńbà tí ó bá ẹ̀dà títẹ̀ mu. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí kò bá sí, ẹ tọ́ka sí orí, ìsọ̀rí àti ìpínrọ̀, èyí tí ìlànà APA gbà láyè.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí a kà lórí bébà ń dúró lọ́kàn jù?

Díẹ̀, nínú irú ìwé kan. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 54 jọ, tí ó kan àwọn ènìyàn tí ó lé ní 170,000, wọ́n sì rí i pé ìwé tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ń yéni lórí bébà ju orí ojú ẹ̀rọ lọ, pàápàá bí àkókò bá há. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 2019, ìwádìí mìíràn fi Kindle wé ìwé títẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn 50 tí ó ka ìtàn kan náà: òye ìtàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lo Kindle kò lè to ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ bí ó ti tẹ̀ léra wọn tó àwọn tí ó di bébà mú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìwé tí ẹ̀rí rẹ̀ ń gun orí ara wọn ní ìpele dé ìpele, bí òfin tàbí ìtàn, ẹ fi ọwọ́ ya àwòrán bí ó ti tò sínú ìwé àkọsílẹ̀ bí ẹ bá ń kà á lórí ẹ̀rọ.

Nígbà wo ni kò yẹ kí n rà á rárá?

Nígbà tí gbogbo ohun tí ẹ ń kà bá jẹ́ A4, tí owó ọwọ́ yín sì jẹ́ ti íǹṣì 6 nìkan. Ẹ fi owó náà ṣe fọ́tókọ́pì, tàbí kí ẹ dúró de ọdún tí ń bọ̀. Bákan náà ni bí ẹ bá ti ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi, tí ìwé yín sì kún fún àwòrán aláwọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mú àkọsílẹ̀ mi jáde kí ẹ̀rọ má bàa kú pẹ̀lú wọn?

Kindle ń kó gbogbo ìlà tí ẹ fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì kan tí a ń pè ní «My Clippings.txt», ẹ fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí i. Ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé kan ti fi ààlà sí iye ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan lè dà kọ láti inú ìwé wọn. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ìlà yóò wà lórí ẹ̀rọ, kò sì ní jáde. Ẹni tí ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ìpínrọ̀ ni ó sábà máa ń bọ́ sínú èyí. Ohun tí ẹ bá fi kálàmù kọ, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí íméèlì yín ní PDF lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi déètì àti orúkọ ìwé sọ fáìlì náà, nítorí pé «Notebook 14» kò ní sọ ohunkóhun fún yín ní oṣù mẹ́fà sí i.